Ìmọ́lẹ̀ Tó Sọnù Ló Ń Sọ̀rọ̀

Ohun kan wà tó máa ń bí mi nínú nípa àwòrán pròtéènì tó kún inú ìwé ẹ̀kọ́. Wọ́n á yà á ní rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ oríṣiríṣi tó lọ́ mọ́ra, á dúró gbagidi lójú kan, kò ní mira. Ẹni tó bá fi àwòrán yẹn kẹ́kọ̀ọ́ á rò pé bó ṣe rí nínú sẹ́ẹ̀lì náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ pròtéènì kì í dúró jẹ́ẹ́. Á ṣí, á padé, á na apá kan, á tún ká a kò, inú ìmira yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ sì wà. Báwo lèèyàn ṣe wá fẹ́ rí ìmira ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó ṣì wà nínú omi, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́?

Máíkíróskópù lásán ò lè gbà wá. Láti 1873 ni Ernst Abbe, ará Jámánì, ti fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pààlà fún wa: ohun méjì tí àlàfo àárín wọn bá kéré ju nǹkan bí ìdajì gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n á jọ rí. Fún ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí, ààlà yẹn tó nánómítà 200 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà kan). Ọ̀pọ̀ pròtéènì ò sì ju nánómítà mélòó kan lọ. DNA tòun ti gbogbo òkìkí rẹ̀, nánómítà 2 péré ló fẹ̀. Àwọn máíkíróskópù òde òní ti rọ́gbọ́n dá sí ààlà Abbe, mi ò fẹ́ fojú kéré wọn, àmọ́ títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìka méjì lára mólékù kan ṣoṣo sún mọ́ra ní nánómítà kan, ọ̀dọ̀ FRET ló sábà máa ń gbà lọ, ìyẹn ọgbọ́n tó ń fi bí agbára ṣe ń kọjá láàárín aró méjì mọ bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó.

FRET kì í gbìyànjú láti ya àwòrán rárá. Aró kan tó máa ń tàn la ó so mọ́ ibì kan lára mólékù, a ó so òmíràn mọ́ ibòmíràn. Aró àkọ́kọ́, tí mo máa pè ní olùfúnni, ni lésà ń bá wí. Ìkejì, olùgbà, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá lésà yẹn lóhùn. Tí àwọn méjèèjì bá jìnnà síra, olùfúnni á máa tàn ní àwọ̀ tirẹ̀, ká sọ pé àwọ̀ ewé. Tí wọ́n bá sún mọ́ra, àwọ̀ ewé á lọ sílẹ̀, olùgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ní pupa, nígbà tó jẹ́ pé lésà ò fi bẹ́ẹ̀ kàn án.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í gbọ́. Wọ́n á ní olùfúnni tu ìmọ́lẹ̀ ewé jáde, olùgbà gbé e mì, ó sì pọ̀ ọ́ padà ní pupa. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, à bá lè fi jígí dá ìmọ́lẹ̀ náà dúró lọ́nà. Ìmọ́lẹ̀ kankan ò jáde láàárín wọn. Nígbà tí olùfúnni bá gba agbára lọ́wọ́ lésà, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ á máa fì síwá sẹ́yìn, fífì yẹn á sì dá agbára iná sílẹ̀ yí i ká. Tí olùgbà bá wà nítòsí, tó sì jẹ́ pé irú fífì yẹn gan-an ló bá òun náà lára mu, agbára á ṣí láti ara ọ̀kan sí ara èkejì. Ẹni tó bá ti ta okùn kan lórí gìtá rí, tó wá rí i pé okùn mìíràn tí wọ́n yí sí ohùn kan náà ń gbọ̀n láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ìdajì ni mo ní o. Okùn tí wọ́n ta á ṣì máa dún lọ, àmọ́ olùfúnni tó bá ti gbé agbára rẹ̀ lé olùgbà lọ́wọ́ kò ní tàn lẹ́ẹ̀kan yẹn mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló lọ, tàbí kí ohunkóhun má lọ.

Ìtàn bí wọ́n ṣe mọ èyí gùn. Lọ́dún 1922, Günther Cario àti James Franck ní Göttingen da èéfín mẹ́kúrì pọ̀ mọ́ ti thallium, irin mìíràn, wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ pé mẹ́kúrì nìkan ló lè gbà á sí i, thallium náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Jean Perrin àti ọmọ rẹ̀ Francis gbìyànjú láti ṣírò irú nǹkan báyìí ní ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ìjìnnà tí ìṣirò wọn gbé jáde tóbi ju ohun táwọn èèyàn ń rí lọ. Theodor Förster ló wá tú u. Ewé ló ń dà á láàmú: nínú ewé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ mólékù chlorophyll ló ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ibi tí iṣẹ́ gidi ti ń ṣẹlẹ̀ ò sì tó nǹkan, síbẹ̀ agbára tí èyíkéyìí nínú wọn bá gbà sábà máa ń débẹ̀. Báwo ló ṣe ń rìn débẹ̀? Lọ́dún 1946, nígbà tí Jámánì ṣì wà nínú àwókù ogun, ó gbé ìdáhùn rẹ̀ jáde, ó sì kọ ọ́ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ní 1948. Ohun tí ìṣirò Perrin ò kà sí dáadáa, bí àwọ̀ tí olùfúnni ń tàn ṣe gbọ́dọ̀ bá àwọ̀ tí olùgbà ń gbà mu, ni Förster fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é, torí inú nọ́ńbà ni adùn rẹ̀ wà. Aró méjì kọ̀ọ̀kan ní ìjìnnà kan tó jẹ́ tiwọn, tí à ń kọ ní R0, níbi tí ìdajì agbára olùfúnni ti ń kọjá sọ́dọ̀ olùgbà. Fún ọ̀pọ̀ aró tí à ń lò, ó máa ń wà láàárín nánómítà 2 sí 6. Ká mú 5. Tí aró méjèèjì bá wà ní nánómítà 5 síra, ìdá 50 nínú 100 ló ń kọjá. Ẹ sún wọn mọ́ra dé 2.5, á lé ní ìdá 98. Ẹ fà wọ́n síra dé 10, ìdá kan ààbọ̀ ló kù. Ìdí tó fi ń já lulẹ̀ báyìí ni pé tí ìjìnnà bá di ìlọ́po 2, agbára iná tó yí olùfúnni ká á di ìdá kan nínú 8, bí agbára ṣe ń yára kọjá sì ń tẹ̀ lé 8 lọ́nà 8. Ẹ fi ìjìnnà dé ìlọ́po méjì, ìyára náà á di ìdá kan nínú 64.

Àárín gan-an ló wù mí jù. Láti nánómítà 4.5 sí 5.5, tó jẹ́ nánómítà kan ṣoṣo, ìdá tó ń kọjá á já láti 65 sí 36. Kò sẹ́ni tí kò ní rí ìyẹn lójú kọ̀ǹpútà. Láti 9 sí 10 ńkọ́? Nǹkan bí ìdá 3 sí ìdá kan ààbọ̀. Inú ariwo ẹ̀rọ ni ìyẹn máa rì sí.

Àwọn kan máa ń ka èyí sí àbùkù, pé kí la fẹ́ fi irinṣẹ́ tí kò ríran kọjá nánómítà 10 ṣe. Èmi ò bá wọn lọ. Inú sẹ́ẹ̀lì kún fọ́fọ́, pròtéènì ń kọlu pròtéènì níbi gbogbo. Irinṣẹ́ tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà ní ọgọ́rùn-ún nánómítà á kàn máa pariwo lásán ni. FRET á dákẹ́ títí ohun méjì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra, tó bá wá lanu sọ̀rọ̀, ó yẹ kéèyàn tẹ́tí.

Lọ́dún 1967, Lubert Stryer àti Richard Haugland gbé Förster lọ síbi ìdánwò. Wọ́n so proline, ọ̀kan nínú àwọn èròjà kéékèèké tó para pọ̀ di pròtéènì, mọ́ proline di ọ̀pá gígùn àti kúkúrú, wọ́n fi aró kan sí orí, wọ́n fi òmíràn sí ìdí, kí àlàfo náà lè máa yí láti nánómítà 1.2 sí 4.6. Bí Förster bá tọ̀nà, ìyára náà ní láti máa tẹ̀ lé ìjìnnà tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́fà, bí 2 lọ́nà mẹ́fà ṣe ń di 64. Wọ́n wọn tiwọn, ohun tó jáde ni 5.9, pẹ̀lú àlàyé pé ó lè fi 0.3 lé tàbí dín. Mo ti ka ìwádìí tó ná owó gọbọi ju ìyẹn lọ tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá pe FRET ní ọ̀pá ìwọ̀n, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Orúkọ yẹn gan-an ni mo bá ṣe gbólóhùn asọ̀. Lọ́dún 2005, Benjamin Schuler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sídìí ọ̀pá proline kan náà, wọ́n sì ń wo mólékù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀pá náà bá gùn, kì í nà tán bí wọ́n ṣe rò. Ó máa ń tẹ̀. Ọ̀pá tí wọ́n fi dán ọ̀pá ìwọ̀n wò, òun fúnra rẹ̀ ò dúró ṣánṣán. Ẹ má ṣì mí gbọ́, Stryer àti Haugland tọ̀nà nípa òfin náà. Ìjìnnà táwa èèyàn máa ń fà yọ láti inú rẹ̀ ló yẹ ká máa fura sí.

Ohun tó tún ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ìhà tí aró kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Fífì tí mo sọ yẹn ní ìhà tó ń gbà. Bí ìhà méjèèjì bá wà lórí ìlà kan náà, nọ́ńbà kan nínú ìṣirò Förster á di 4. Bí wọ́n bá dábùú ara wọn lọ́nà kan, á di òdo, agbára kankan ò sì ní kọjá bí wọ́n tilẹ̀ ń mí sí ara wọn lójú. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe ni pé a ó gbà pé aró ń yí fàlàlà sí gbogbo ìhà, a ó fi ìdá 2 nínú 3 síbẹ̀, a ó sì máa bá tiwa lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń tọ̀nà. Àmọ́ aró máa ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara pròtéènì, tó bá ti lẹ̀, kì í yí mọ́. Tí ẹnì kan bá wá sọ fún mi pé FRET ní ìjìnnà báyìí jẹ́ nánómítà 5.23, mo máa ń fẹ́ rẹ́rìn-ín. Tó bá sọ pé apá yìí sún mọ́ apá tọ̀hún nígbà tí oògùn débẹ̀, ó sì padà síbi tó wà nígbà tí oògùn kúrò, mo máa ń jókòó dáadáa gbọ́ ọ. Ìyípadà ni irinṣẹ́ yìí mọ̀ dunjú.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ràn nítorí pé ó fi èyí hàn láìsí ariwo. Robert Clegg àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, ní 1993, fi aró kan sára okùn DNA kan, wọ́n fi èkejì sára okùn kejì, wọ́n wá ń mú kí àlàfo àárín wọn máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò ronú á retí pé FRET á máa lọ sílẹ̀ geere bí ìjìnnà ṣe ń pọ̀. Rárá. Ó ń lọ sílẹ̀, ó tún ń fà sókè díẹ̀, ó tún ń lọ sílẹ̀, torí pé bí aró náà ṣe ń lọ síwájú ló ń pòyì yí DNA ká, tó ń bọ́ sí ìhà òdìkejì, tó tún ń yí padà. Lílọ́ tí DNA lọ́ ló yọ nínú nọ́ńbà yẹn, nínú omi lásán, láìsọ DNA di kírísítàlì rárá.

A ò sì ṣàkọ́kọ́ nínú ọgbọ́n yìí. Ẹran inú òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní Aequorea victoria, jẹ́lífíìṣì tó mọ́ gaara. Osamu Shimomura fa pròtéènì kan yọ lára rẹ̀ lọ́dún 1962, aequorin, tó máa ń tàn búlúù tí kálísíọ́ọ̀mù bá kàn án. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni jẹ́lífíìṣì náà ń tàn nínú òkun, kì í ṣe búlúù. Ohun tó fà á ni pròtéènì kejì, GFP, tó ń gba agbára lọ́wọ́ aequorin lọ́nà tí Förster ṣàlàyé, tó sì ń fi àwọ̀ tirẹ̀ tàn. Láti ara GFP yìí ni Roger Tsien ti rọ oríṣiríṣi àwọ̀. Lọ́dún 1997, Atsushi Miyawaki, Tsien àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn so pròtéènì méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ mọ́ orí àti ìdí pròtéènì mìíràn tó máa ń di kálísíọ́ọ̀mù mú. Kálísíọ́ọ̀mù á dé, ti àárín á ká kò, àwọn tó wà lórí àti ìdí á súnra kì, àwọ̀ á yí. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe irinṣẹ́ yìí sínú ara rẹ̀, tí wọ́n bá ti fún un ní jíìnì rẹ̀, a ò sì ní fi abẹ́rẹ́ gún un. Shimomura, Martin Chalfie àti Tsien ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2008 nítorí GFP.

Gbogbo èyí dára, àmọ́ mólékù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ràn láti máa wò. Ẹ rò ó wò: ẹ ní omi tí mólékù kún inú rẹ̀, FRET sì jẹ́ ìdá 50. Ó lè jẹ́ pé gbogbo wọn ló ṣí dé ìdajì. Ó sì lè jẹ́ pé ìdajì wọn ṣí gbayawu, ìdajì yòókù sì padé gbọn-in, kí ẹyọ kan má sì sí láàárín. Nọ́ńbà kan náà ni ẹ máa rí. Lọ́dún 1996 ni Taekjip Ha, Shimon Weiss àti àwọn akẹgbẹ́ wọn fi hàn pé a lè gba FRET lára olùfúnni kan àti olùgbà kan péré, ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí sì wọlé dé.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. A ó so mólékù mọ́ ojú gíláàsì, wọn ò gbọdọ̀ sún mọ́ra jù. A ó pa gbogbo iná yàrá. Lésà á gba abẹ́ gíláàsì yà bára, tó fi jẹ́ pé omi tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì nìkan ló máa rí ìmọ́lẹ̀, ìyókù á wà nínú òkùnkùn. Kámẹ́rà ti pín ojú rẹ̀ sí méjì, àwọ̀ ewé lápá kan, pupa lápá kejì. Ẹ tẹ àmì ìmọ́lẹ̀ kan, ìlà méjì á yọ lórí kọ̀ǹpútà. Ìlà ewé wà lókè, pupa wà nísàlẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Lójijì, ewé já, pupa sì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún pàrọ̀ ipò. Mólékù náà ló ń ṣí, tó ń padé, kò sì sí kejì rẹ̀ tó ń bò ó mọ́lẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo máa ń dúró dè. Kò sí aró tó lè tàn títí, lésà á pa á tó bá yá. Lọ́pọ̀ ìgbà, olùgbà ló kọ́kọ́ ń kú: ìlà pupa á ṣubú sílẹ̀ pátápátá láàárín àwòrán kan sí èkejì, ìlà ewé á sì fò sókè ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, torí kò sí ẹni tó ń gba agbára lọ́wọ́ olùfúnni mọ́. Lẹ́yìn náà, olùfúnni náà á kú, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn. Fífò sókè yẹn ló fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ewé tó sọnù látẹ̀yìnwá, ọ̀dọ̀ olùgbà ló ń lọ. Ìlà tí kò bá ní irú ìkú yìí nínú, mi kì í tètè gbà á gbọ́, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ẹ̀tàn pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ìrù àwọ̀ ewé máa ń yọ́ wọ ojú kámẹ́rà tó wà fún pupa. Lésà máa ń ta sí olùgbà fúnra rẹ̀ díẹ̀. Aró mìíràn á ṣẹ́jú lásán, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé pròtéènì ló mira. Gbogbo rẹ̀ ló ní àtúnṣe tirẹ̀, àtúnṣe náà sì ti ń di ọ̀kan náà káàkiri: nígbà tí ilé ìwádìí 20 jọ wọn DNA kan náà, tí wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní 2018, ìyàtọ̀ àárín wọn ò kọjá 0.02 sí 0.05 lórí òṣùwọ̀n tó ti òdo lọ dé 1. Orí mi wú nígbà tí mo kà á, kí n má purọ́.

Kí n sì tó gbàgbé, ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe àyẹ̀wò COVID-19 pẹ̀lú PCR ti bá ẹbí FRET pàdé láìmọ̀. Ègé DNA kékeré tí wọ́n sábà ń fi sínú omi àyẹ̀wò náà ní aró kan àti apaná kan tó ń gba agbára aró yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà níbẹ̀, ẹ́ńsáìmù á gé ègé náà, apaná á jìnnà, aró á tàn.

Ibi tí mo ti rí i tí FRET ń bá àwọn àwòrán onírìbọ́ọ̀nù fa ọ̀rọ̀ gidi ni ara fáírọ́ọ̀sì HIV. Pròtéènì kan wà lójú ara rẹ̀, Env, tó fi ń di sẹ́ẹ̀lì mú. Wọ́n ti ya àwòrán Env dé orí átọ̀mù, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára sì gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán yẹn. Lọ́dún 2014, James Munro, Walther Mothes àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ so aró méjì mọ́ Env lára fáírọ́ọ̀sì, wọ́n sì rí i pé kì í dúró lójú kan. Ipò mẹ́ta ló ń gbà, ó sì ń ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn fúnra rẹ̀ kó tó fojú kan sẹ́ẹ̀lì rárá. Ipò àkọ́kọ́, tó padé jù, ló sábà ń wà. Nígbà tó wá di 2019, àwọn tó ń tọ ọ̀nà yìí ní ẹ̀yà Env tí wọ́n fi ya àwòrán tó gbajúmọ̀ jọ ipò kejì, pé a ò tíì ní àwòrán ipò àkọ́kọ́. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà fún wọn, àwọn mìíràn fi ọ̀nà tó yàtọ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ní àwòrán tó wà nílẹ̀ ò burú.

Ní tèmi, mo gbà pé Env ń mira, mo sì gbà pé ipò tó wà ju ọ̀kan lọ. Orí ohun tí ipò kọ̀ọ̀kan jọ ni mo ti ń fà sẹ́yìn. Aró méjì péré ni wọ́n so mọ́ Env yẹn ní 2014, ọ̀kan sí ibi tí wọ́n ń pè ní V1, èkejì sí V4. Àlàfo kan ṣoṣo láàárín ibi méjì ni wọ́n lè sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìyókù ara rẹ̀ ṣe rí ní ipò àkọ́kọ́ á ní láti so aró mọ́ ibòmíràn, á rí i dájú pé fáírọ́ọ̀sì náà ṣì lè wọ sẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn tí aró ti wà lára rẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ wíwò látìbẹ̀rẹ̀.